Ẹ̀KỌ́ TI OṢÙ YÌÍ: PÚLỌ́Ọ̀GÌ INÚ PÍKỌ́Ọ̀PÙ WA

 

Púpọ̀ nínú wa ló ń fi píkọ́ọ̀pù tó ti pẹ́ kó iṣu, tòmátì àti sìmẹ́ńtì. Ọ̀kan nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni Peugeot 504, tí ó kọ́kọ́ jáde ní ilẹ̀ Faransé ní 1968, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975. Bí irú ọkọ̀ báyìí bá dákú sójú ọ̀nà, tòmátì kò ní dúró de mẹ́káníìkì, jíjẹrà ni yóò jẹrà. Bí ó bá sì jẹ́ owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni a yá rà á, ọjọ́ àtisan owó kò mọ̀ pé ọkọ̀ kò ṣiṣẹ́. Nítorí èyí ni a ṣe fẹ́ kí gbogbo wa mọ̀ nípa púlọ́ọ̀gì, pàápàá ẹni tí kì í fúnra rẹ̀ tú ọkọ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kò ní ra èyí tí kò yẹ, mẹ́káníìkì kò sì ní rí i rẹ́ jẹ.

IṢẸ́ RẸ̀

Púlọ́ọ̀gì ló ń ṣáná sí bẹntiróòlù àti atẹ́gùn nínú ẹ́ńjìnnì. Iná náà ń fò láti irin àárín lọ sí irin tó tẹ̀ bò ó. Àlàfo tó wà láàrin wọn kéré púpọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, ó wà láàrin mílímítà 0.6 sí 0.8. Bí púlọ́ọ̀gì bá ti ń gbó, irin rẹ̀ á máa jẹ, àlàfo á máa fẹ̀, iná á sì máa ṣòro láti fò ó. Ìgbà yẹn ni ọkọ̀ kì í tètè sítáàtì láàárọ̀, tí yóò máa já lórí òkè bí ẹrù bá wà lẹ́yìn rẹ̀, tí yóò sì máa mu bẹntiróòlù bí ẹní mu omi.

Bí ọ̀kan nínú mẹ́rin kò bá ṣáná, bẹntiróòlù tí kò jó yóò máa fọ ọ́ìlì kúrò níbi tí písítìn ti ń rìn. Ẹni tó ní òun ń ṣọ́ owó púlọ́ọ̀gì, owó ẹ́ńjìnnì ló ń ná yẹn.

BÍ A ṢE Ń YÀN ÁN

Ẹ má ra púlọ́ọ̀gì nítorí pé ó ṣáà wọ ihò. Èyí tí ìwé ọkọ̀ yín dárúkọ ni kí ẹ rà. Ẹ jẹ́ kí a fi BP6ES ti NGK ṣe àpẹẹrẹ. B ń sọ pé tíréèdì rẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 14. E ń sọ pé tíréèdì náà gùn tó mílímítà 19. Bí ó bá jẹ́ BP6HS, H yẹn ń sọ pé mílímítà 12.7 péré ni gígùn rẹ̀. Àwọn méjèèjì wọ ihò kan náà o! Ṣùgbọ́n bí a bá fi èyí tó gùn sí ẹ́ńjìnnì tó ń lo kúkúrú, písítìn lè gbá a, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Bí a bá sì fi kúkúrú síbi gígùn, iná kò ní dé ibi tó yẹ.

Nọ́ńbà 6 yẹn, ọ̀rọ̀ ooru ni. Lọ́dọ̀ NGK, bí nọ́ńbà bá ṣe ga sí i ni púlọ́ọ̀gì ń tutù sí i. Lọ́dọ̀ Bosch, òdìkejì ni. Nítorí náà, bí ẹni tó ń ta páàtì bá ní, “Nọ́ńbà kan náà ni, orúkọ ló yàtọ̀,” ẹ má gbà á. Èyí tó gbóná jù lè dá písítìn lu, èyí tó tutù jù á sì kún fún èédú.

Ẹ ṣọ́ra fún ògbólógbòó tí wọ́n fọ̀ tà bíi tuntun. Etí irin àárín ti tuntun máa ń mú, ti ògbólógbòó á ti rí roboto. Àpá sípánà kò sì gbọdọ̀ wà lára tuntun.

BÍ A ṢE Ń PÀÀRỌ̀ RẸ̀

1. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá. Bí ó bá gbóná, tíréèdì orí ẹ́ńjìnnì lè ya.

2. Ẹ tú wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan. Fìlà rẹ̀ ni kí ẹ dì mú fà, ẹ má fa wáyà. Bí wáyà bá pààrọ̀ ipò, ọkọ̀ kò ní ṣiṣẹ́ dáadáa.

3. Ẹ fẹ́ eruku ìdí púlọ́ọ̀gì kúrò kí ẹ tó tú u, kí iyanrìn má bàa bọ́ sínú.

4. Ẹ fi fílà géèjì wọn àlàfo tuntun kí ó bá ti ìwé ọkọ̀ mu.

5. Ọwọ́ lásán ni kí ẹ kọ́kọ́ fi yí i wọlé títí yóò fi jókòó. Bí ó bá ní òrùka tuntun nídìí, ẹ fi sípánà yí i ní ìdajì àyíká tàbí kí ó lé díẹ̀. Èyí tí kò ní òrùka kò fẹ́ ju díẹ̀ báyìí lọ.

OHUN TÍ ÒGBÓLÓGBÒÓ Ń SỌ

Ẹ má ju àtijọ́ nù kíá. Ẹ tò wọ́n bí ẹ ṣe tú wọn, kí ẹ wo ẹnu wọn.

Bí ó bá pupa rúsúrúsú, ara ẹ́ńjìnnì le. Bí ó bá dúdú gbẹrẹfu bí èédú, bẹntiróòlù ti pọ̀ jù, ẹ yẹ kábúrétọ̀ àti asẹ́ atẹ́gùn wò. Bí ó bá dúdú tó sì tutù fún ọ́ìlì, ríìngì tàbí fáàfù ló ń jẹ́ kí ọ́ìlì wọlé. Bí ó bá funfun bí eérú, ooru ti pọ̀ jù: bóyá bẹntiróòlù kò tó, bóyá púlọ́ọ̀gì náà kò bá ọkọ̀ mu.

Ẹ rí i pé púlọ́ọ̀gì tuntun kò lè wo àìsàn méjì àárín yẹn sàn. Bí tuntun bá tún dúdú láìpẹ́, ẹ má ra òmíràn lé e. Ẹ tún ohun tó ń bà á jẹ́ ṣe.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ

Ta ló mọ nọ́ńbà púlọ́ọ̀gì ọkọ̀ rẹ̀ nínú wa? Ta ló kọ ọjọ́ tí ó pààrọ̀ rẹ̀ gbẹ̀yìn sílẹ̀? Ṣé àwa tí ọkọ̀ wa jọra kò lè para pọ̀ rà á lọ́wọ́ ẹni tí a mọ̀, kí a sì gba rìsíìtì? Ẹ mú ìwé ọkọ̀ yín wá, kí a jọ wò ó.