Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì mọ́tò yín rí atẹ́gùn: Ọ̀nà láti yẹra fún ìnáwó òjijì lásìkò ooru

Ọ̀rọ̀ mọ́tò la fẹ́ sọ lónìí. Kì í ṣe mọ́tò fàájì, mọ́tò tó ń pawó wọlé ni: dáńfó, takisí, bọ́ọ̀sì tó ń gbé búrẹ́dì, píkọ́ọ̀pù tó ń kó ẹja yìnyín àti èyí tó ń pín omi inú ọ̀rá káàkiri ìlú. Bí oṣù kejì àti oṣù kẹta bá ti wọlé, tí oòrùn ń ràn ganrínganrín, ẹ ó máa rí àwọn mọ́tò bẹ́ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tí wọ́n ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wọn sílẹ̀, tí dírẹ́bà sì ń wá omi kiri.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá oníbúrẹ́dì kan ṣe àpẹẹrẹ. Bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló ní, ọ̀sán gangan ló sì máa ń gbé búrẹ́dì ẹlẹ́ẹ̀kejì jáde. Bí bọ́ọ̀sì náà bá gbóná jù lójú ọ̀nà, búrẹ́dì kò ní dé ọwọ́ àwọn oníbàárà lásìkò, wọn yóò sì ra ti ẹlòmíràn. Bí dírẹ́bà bá wá ń fi ipá wà á lọ bẹ́ẹ̀, orí ẹ́ńjìnnì lè tẹ̀, tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì lè jó, omi yóò sì dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dà bẹ́ẹ̀, ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ mìíràn ni mẹkáníìkì yóò ní kí wọ́n lọ rà. Owó ìyẹ̀fun ni yóò bá a lọ.

Ibo ni ooru náà ń lọ?

Nínú epo tí mọ́tò ń jó, èyí tó ń di agbára tó ń yí táyà kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Nǹkan bí ìdá kan mìíràn ń bá èéfín jáde láti ẹnu sálẹ́ńsà. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù ń wọ inú omi tó yí ẹ́ńjìnnì ká. Pọ́ńpù ń gbé omi yìí lọ sínú rédíétọ̀, ibẹ̀ ni atẹ́gùn ti ń gba ooru lára rẹ̀. A jẹ́ pé omi kàn ń ru ẹrù ooru dé ìdí rédíétọ̀ ni, atẹ́gùn ló ń gbé e kúrò níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í gbàgbé láti bu omi, ṣùgbọ́n a kì í bi ara wa bóyá atẹ́gùn ríbi gbà.

Ẹ wo ìṣirò yìí. Ká ní omi inú ẹ́ńjìnnì gbóná dé 95 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. Bí atẹ́gùn bá wà ní 25, àlàfo tó wà láàárín wọn jẹ́ 70. Lọ́jọ́ tí atẹ́gùn orí títì bá gbóná dé 40, àlàfo náà di 55. Èyí túmọ̀ sí pé ìwọ̀n atẹ́gùn kan náà kò ní lè gbé ju nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ooru tó ń gbé tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí mọ́tò tó ń ṣe dáadáa lásìkò òjò fi ń dójú ti ni lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn.

Ẹ̀kọ́ tó wà lára Ìjàpá

Àwọn àgbà inú wa kò ní gbàgbé mọ́tò Volkswagen tí à ń pè ní Ìjàpá, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ l'Ékòó lọ́dún 1975. Kò ní rédíétọ̀, kì í sì í mu omi. Fáànù kan tí bẹ́líìtì ń yí ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ́ńjìnnì tó wà lẹ́yìn. Atẹ́gùn tútù ń gba ihò tó wà lábẹ́ gíláàsì ẹ̀yìn wọlé, èyí tó ti gbóná sì ń jáde nísàlẹ̀. Páànù àti rọ́bà ló pààlà sáàárín méjèèjì. Bí mẹkáníìkì bá tú páànù tàbí rọ́bà náà sọnù pé kò wúlò, ooru tó ti jáde yóò tún padà wọlé.

Òfin mẹ́ta ló wà níbẹ̀, wọ́n sì bá gbogbo mọ́tò mu títí dòní: atẹ́gùn tútù gbọ́dọ̀ ríbi wọlé, èyí tó gbóná gbọ́dọ̀ ríbi jáde, méjèèjì kò sì gbọ́dọ̀ dà pọ̀.

Ohun mẹ́fà tó yẹ kí ẹ yẹ̀ wò

1. Ojú mọ́tò. Ojú àwo ni àwo fi ń gba ọbẹ̀. Ẹ yọ pátákó ìpolówó, irin ńlá àti iná àfikún tó bá dí ihò iwájú. Àwọn kan tilẹ̀ ń ta nẹ́ẹ̀tì síbẹ̀ nítorí kòkòrò. Bí nẹ́ẹ̀tì náà bá ti kún fún eruku, bí ìgbà tí wọ́n fi aṣọ bo mọ́tò nímú ni.

2. Ìdọ̀tí ara rédíétọ̀. Eruku, ẹrẹ̀ àti kòkòrò máa ń há sáàárín rédíétọ̀ àti kọ̀ńdẹ́ńsà ẹ̀rọ amúlétutù, níbi tí ojú kò ti lè tètè rí wọn. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti tutù, ẹ fi omi wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ fọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú. Ẹ má fi ẹ̀rọ tó ń tu omi pẹ̀lú agbára fọ̀ ọ́, nítorí yóò tẹ àwọn abẹ́ tín-ín-rín ara rẹ̀ pa, ọ̀nà atẹ́gùn yóò sì dí pátápátá.

3. Fáànù. Bí fáànù bá jẹ́ ti iná, ó lè jẹ́ pé àwọn tó ń ṣe wáyà ti so wáyà rẹ̀ sódì, tó fi ń yí sẹ́yìn. Ẹ mú bébà kan, kí ẹ gbé e sí iwájú rédíétọ̀ nígbà tí fáànù ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá fà á mọ́ra, ó dára. Bí ó bá tì í dànù, ẹ ti rí àrùn tó ń ṣe é. Bí fáànù bá jẹ́ ti bẹ́líìtì, ẹ wò ó bóyá bẹ́líìtì náà dẹ̀ tàbí ó ti sán.

4. Ike tó yí fáànù ká. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń yọ ọ́, wọn kì í sì í dá a padà. Bí kò bá sí ike náà, ibi tí abẹ́ fáànù kọjú sí nìkan ni yóò ti máa fa atẹ́gùn, igun rédíétọ̀ kò ní rí nǹkan kan. Ẹ wo àwọn rọ́bà ẹ̀gbẹ́ rédíétọ̀ pẹ̀lú. Níbi tí wọ́n bá ti já, afẹ́fẹ́ gbígbóná yóò máa ti inú padà síwájú. Fóòmù tí kò gbówó lórí lè dí ibẹ̀.

5. Ike abẹ́ bọ́ńpà. Èyí tó máa ń já nígbà tí mọ́tò bá wọ kòtò. Kì í ṣe fún ẹwà nìkan. Lórí eré, òun ló ń darí atẹ́gùn gba inú rédíétọ̀, kó má baà sá gba abẹ́ mọ́tò lọ. Bó bá ti já, ẹ dá a padà.

6. Páìpù tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí. Atẹ́gùn tó ń wọnú ẹ́ńjìnnì láti bá epo jó gbọ́dọ̀ ti ìta wá, kì í ṣe láti inú ooru abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Atẹ́gùn tó gbóná dé 60 fi nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún fúyẹ́ ju èyí tó wà ní 30 lọ, agbára ẹ́ńjìnnì yóò sì dín kù. Bí wọ́n bá ti já páìpù náà sọnù, ẹ so ó padà.

Ìgbà wo ló ń gbóná?

Kí ẹ tó fowó lé mẹkáníìkì lọ́wọ́, ẹ bi dírẹ́bà yín léèrè. Bí ó bá jẹ́ inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ nìkan ló ti ń gbóná, tó sì ń tutù bó bá ti ń sáré, ọ̀rọ̀ náà sábà máa ń wà lọ́dọ̀ fáànù. Bí ó bá jẹ́ orí eré ló ti ń gbóná, ẹ wo rédíétọ̀ bóyá ó ti dí nínú tàbí lóde, ẹ wo pọ́ńpù omi àti ike abẹ́ bọ́ńpà. Bí omi bá sì ń dín kù lójoojúmọ́, ó ń jò níbì kan nìyẹn, atẹ́gùn kò lè wo ìyẹn sàn.

Àṣìṣe mẹ́ta tó wọ́pọ̀

Àkọ́kọ́ ni yíyọ tẹ́mọ́sítáàtì. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní in kì í tètè gbóná dé ìwọ̀n tó yẹ, epo ni yóò sì máa jó. Epo tó ti gbówó lórí gan-an láti ọdún 2023 kì í ṣe ohun tí oníṣòwò lè fi tàfàlà.

Èkejì ni fífi igi ti bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè. Lójú kan, ooru lè ráyè jáde. Ṣùgbọ́n bí mọ́tò bá ń sáré, atẹ́gùn tó ń lu gíláàsì iwájú lè gba ibẹ̀ wọlé, kó dí ọ̀nà mọ́ èyí tó yẹ kó gba rédíétọ̀. Bọ́nẹ́ẹ̀tì sì lè ṣí bo dírẹ́bà lójú.

Ẹ̀kẹta ni ìdérí rédíétọ̀ tó ti kú. Ìdérí tó dára ń há ìfúnpá omi mọ́nú, tí omi kò fi ní hó títí yóò fi sún mọ́ 120. Èyí tó ti kú yóò jẹ́ kó hó ní 100.

Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́?

Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń lò ní ṣọ́ọ̀bù, ọmọ ìyá Ìjàpá ni, atẹ́gùn nìkan ló ń mú un tutù. Bí ẹ bá kàn án mọ́ inú àpótí nítorí olè, atẹ́gùn gbígbóná kan náà ni yóò máa fà padà títí tí yóò fi kú. Ẹ lo irin oníhò, kí ẹ sì gbé e jìnnà sí ògiri. Ìta gbangba ni kó wà, nítorí èéfín rẹ̀ ń pa ènìyàn.

Bó bá gbóná lójú ọ̀nà

Ẹ pa ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ pa mọ́tò. Ẹ má ṣí ìdérí rédíétọ̀, ẹ má sì da omi tútù lé ẹ́ńjìnnì lórí. Ẹ dúró tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán, kí ẹ́ńjìnnì tutù, kí ẹ tó bu omi sí i.

Paríparí rẹ̀, ẹ sọ fún dírẹ́bà yín pé ẹ kò ní bínú sí i bó bá páàkì nítorí ìgbóná. Ìbẹ̀rù ọ̀gá àti owó ojúmọ́ tó fẹ́ pé ló ń mú kí ọ̀pọ̀ dírẹ́bà máa wà á lọ títí ẹ́ńjìnnì yóò fi kú. Ẹ ya ìṣẹ́jú mẹ́wàá sọ́tọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ̀yin àti dírẹ́bà jọ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wò. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Iṣẹ́ kò ní pa wá o, mọ́tò wa kò sì ní fi wá sílẹ̀ lọ́nà.