Àìmọ̀ pé Ìríran Ti Dín Kù Lẹ́yìn Àrùn Rọpárọsẹ̀

Kókó pàtàkì

• Àrùn rọpárọsẹ̀ lè mú apá kan ìríran ojú méjèèjì lọ, kí aláìsàn má sì mọ̀.
• Aláìsàn tó ní òun ń ríran dáadáa kò purọ́. Ọpọlọ rẹ̀ ni kò sọ fún un pé nǹkan ti sọnù.
• Ìdáhùn aláìsàn nìkan kò tó; ó yẹ kí a dán ìhà òsì àti ìhà ọ̀tún wò.
• Ìríran tó dín kù lójijì jẹ́ ọ̀ràn pàjáwìrì.

Àkópọ̀

Bí a bá dárúkọ rọpárọsẹ̀, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ló máa ń wá sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn. Ṣùgbọ́n inú ọpọlọ ni àrùn náà ti ń jà: iṣan ẹ̀jẹ̀ lè dí tàbí kó bẹ́, ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé mọ́ a sì bàjẹ́. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yìn ọpọlọ, níbi tí a ti ń túmọ̀ ohun tí ojú rí, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lè wà ní pípé síbẹ̀ kí ìríran ti dín kù.

Apá ọ̀tún ọpọlọ ló ń bójú tó ohun tó wà ní òsì ènìyàn. Apá òsì ló ń bójú tó ti ọ̀tún. Ẹni tí apá ọ̀tún ẹ̀yìn ọpọlọ rẹ̀ bàjẹ́ kò ní rí ohun tó wà ní òsì, ojú yòówù kó fi wò ó. Hemianopia ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Ẹyinjú lè mọ́ gaara, awò ojú kò sì ní yanjú rẹ̀.

Ìdí tí aláìsàn kì í fi mọ̀

Ibi tó sọnù kì í ṣú dúdú lójú aláìsàn. Kò sí ẹni tó ń rí òkùnkùn ní ẹ̀yìn orí ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ibẹ̀ rí. Ọpọlọ tún máa ń fi ohun tó rò pé ó yẹ kó wà níbẹ̀ dí àlàfo náà.

Ní 1899, Gabriel Anton, oníṣègùn ará Austria, ṣàpèjúwe àwọn tí ìhà méjèèjì ọpọlọ wọn bàjẹ́, tí wọn kò ríran, tí wọn kò sì mọ̀. Irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ lè kọlu àga, kó ní iná ló lọ. Ní 1914, Joseph Babinski, oníṣègùn ní ilẹ̀ Faransé, fún àìmọ àìsàn ara ẹni ní orúkọ anosognosia.

Àpẹẹrẹ kan

Ẹ jẹ́ kí a wo ìyá oníṣòwò kan, ọmọ Yorùbá, ní ọjà Mont-Bouët ní Libreville. Rọpárọsẹ̀ ti mú ìríran ìhà òsì rẹ̀ lọ. Wọ́n bi í ní èdè Faransé bóyá ó ń ríran, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tó padà sí ìsọ̀, ó ka 15 000 sẹfà sí 5 000. Nílé, ó jẹ ìrẹsì apá ọ̀tún àwo nìkan, ó ní oúnjẹ kò tó. Àwọn ọmọ rẹ̀ rò pé ọjọ́ ogbó ló dé.

Ewu tó ju èyí lọ wà lójú títì. Apá ọ̀tún ni ọkọ̀ ń gbà ní Gabon. Nítorí náà, bí ó bá fẹ́ sọdá, ìhà òsì, tí kò rí, ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ yóò ti yọ sí i.

Bí a ṣe ń dán ìríran wò

1. Ẹ bá aláìsàn sọ̀rọ̀ ní èdè tó yé e jù lọ.
2. Ẹ jókòó kojú rẹ̀, ní nǹkan bíi mítà 1.
3. Kí ó bo ojú kan, kí ó sì tẹjú mọ́ imú yín.
4. Ẹ na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́, ẹ mi ìka lókè àti nísàlẹ̀, ní òsì àti ní ọ̀tún. Kí ó sọ ìgbà tó bá rí i. Ẹ tún un ṣe fún ojú kejì.
5. Kí ó la ojú méjèèjì, kí ẹ mi ìka ní ìhà méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá rí ìhà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n tó pàdánù ọ̀kan nígbà tí wọ́n bá pa pọ̀, ó lè jẹ́ pé àfiyèsí rẹ̀ ni kò dé ìhà náà. Èyí pẹ̀lú nílò ìtọ́jú.

Ẹ kọ àbájáde sínú ìwé aláìsàn.

Ìtọ́jú àti ààbò

Ìríran lè padà díẹ̀, pàápàá ní oṣù 3 àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í padà tán. Aláìsàn lè kọ́ láti máa yí orí àti ojú sí ìhà tí kò rí.

• Ẹ má ṣe bá a jiyàn. Ẹ sọ pé: “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí orí sí òsì. Kí ni ẹ rí nínú àwo?” Ohun tó bá fúnra rẹ̀ rí ni yóò gbà gbọ́.
• Bí ó bá ń kàwé, tí òsì ni kò rí, ẹ fa ìlà pupa sí etí òsì ojú ìwé. Kí ó máa wá ìlà náà kó tó bẹ̀rẹ̀ ìlà ọ̀rọ̀ tuntun.
• Ẹni tó bá ń sìn ín sọdá títì kí ó dúró sí ìhà tí kò rí.
• Kò gbọ́dọ̀ wa ọkọ̀ tàbí alùpùpù títí dókítà yóò fi yẹ ìríran rẹ̀ wò. Kí ẹnìkan wà pẹ̀lú rẹ̀ nídìí iná.
• Kí ó máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bí dókítà ṣe pa á láṣẹ, kí àrùn náà má bàa tún kọlù ú.

Ìgbà tí ó yẹ kí a sáré lọ sí ilé ìwòsàn

Bí ìríran bá dín kù lójijì, bí ẹnu bá wọ́, bí ọ̀rọ̀ bá lọ́ mọ́ni lẹ́nu, tàbí bí apá kan ara bá rọ, ẹ má ṣe dúró kí ó di ọjọ́ kejì. Ẹ sọ aago tí ó bẹ̀rẹ̀ fún òṣìṣẹ́ ìlera, nítorí pé láàárín wákàtí 4 àti ààbọ̀ àkọ́kọ́ ni a sábà máa ń lo oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì, níbi tó bá wà. Aláìsàn lè sọ pé kò sí ohun tó ṣe òun. Ẹni tó wà pẹ̀lú rẹ̀ ni kó sọ ohun tí òun rí.