Ìkánjú àti Ọbẹ̀ Gbígbóná

Pé a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná, ọmọ tí ahọ́n rẹ̀ ti bó rí kò nílò olùkọ́ lórí rẹ̀. Ohun tí ó bí mi nínú ni èyí tí mo rí ní Dékon, ní Lomé, láàárín ariwo àwọn onífóònù àti ti ọ̀kadà zémidjan: ìyá Ànàgó kan, aláṣọ ní ọjà Assigamé, tí ó di fóònù rẹ̀ mú bí ẹni di ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná. Ní òru ni fóònù náà gba ohun tí àwa ará Lomé ń pè ní mise à jour, ìyẹn àtúnṣe ètò inú rẹ̀, láìbi í léèrè. Ilẹ̀ mọ́, ètò tí ó fi ń gbowó lọ́wọ́ oníbàárà kọ̀, kò ṣí. Ọ̀dọ́mọkùnrin atúnfóònùṣe wò ó fìrí, ó ní: “Ìyá, fóònù yín kò bàjẹ́ o. Tuntun àti àtijọ́ inú rẹ̀ ni kò mọ ara wọn.”

Ẹni tí ó ṣe àtúnṣe náà kò ha lè fi wọ́n mọ ara wọn kí ó tó rán an jáde? Ìyá tí ń se ọbẹ̀ fún ogún àlejò a kọ́kọ́ kán díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, a tọ́ ọ wò, kí àwo tó jáde. Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2024, CrowdStrike, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tí ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ olè, bu àtúnṣe tirẹ̀ fún gbogbo àlejò lẹ́ẹ̀kan náà. Fáìlì wọn ń retí nǹkan 21, 20 ni ètò tí ó kà á ní lọ́wọ́. Ẹ̀rọ tí ó yẹ kí ó yẹ̀ ẹ́ wò sì ti ní kò séwu. Ìṣẹ́jú 78 ni wọ́n fi fà á padà, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà Windows bíi mílíọ̀nù 8.5 ti dákú, ojú wọn di búlúù, ọkọ̀ òfurufú jókòó sílẹ̀, ó sì di dandan kí ènìyàn tọ ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó jí.

Síbẹ̀ òwe mi kò jàre tán, nítorí àwọn àgbà kan náà ni wọ́n ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ní oṣù Kẹta ọdún 2017 ni Microsoft ti fi àtúnṣe dí ihò kan nínú Windows. Àwọn tí ń fẹ ọbẹ̀ tiwọn kí ó tutù ni WannaCry, kòkòrò kọ̀ǹpútà tí ó gba ihò náà wọlé, bá lójú oorun ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún kan náà, títí kan ilé ìwòsàn ní Ìlú Ọba, tí aláìsàn fi ń padà sílé láìrí dókítà.

Nítorí náà mo wí fún ìyá aláṣọ pé àtúnṣe tí ó jẹ́ oge, kí ó jẹ́ kí ó pẹ́ díẹ̀. Èyí tí ó ń ti ìlẹ̀kùn mọ́ olè, kí ó gbà á lóru ọjọ́ náà gan-an. Ó wò mí, ó na fóònù sí mi. “Bàbá, èwo wá ni oge nínú èyí?” Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn tí ó ṣe é ti di méjèèjì pọ̀ sínú ẹrù kan, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí i lórí.