Kí Ni Olùkọ́ Ń Kà Nígbà Ọlidé?

Ọmọ mi, ìwọ tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé ìwé girama, mo kí ọ kú làálàá. Mo mọ bí ọjọ́ rẹ ṣe ń lọ, nítorí ojú ọ̀nà yẹn kan náà ni mo tọ̀ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí o ti wà létí títì, tí ò ń dúró de ọ̀kadà. Bó bá jẹ́ ìwọ ló kàn láti mójú tó ọ̀sẹ̀ yẹn, o gbọ́dọ̀ dé ẹnu géètì kí àwọn apẹ́lẹ́yìn tó dé. Ẹ parí asẹ́ńbìlì, o pe rẹ́jísítà, o wọ kíláàsì tó kún débi pé kò sí àyè láti rìn láàrin àga. Ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n fún ọ, ṣùgbọ́n kí ariwo tó rọlẹ̀, mẹ́wàá ti bá a lọ. Nígbà tí agogo ìkẹyìn bá lù, ìwé tí o kò tíì máàkì ṣì ga lórí tábìlì, lẹ́sìn nóòtù ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ṣì wà nílẹ̀, ọ̀gá ilé ìwé sì fẹ́ rí i láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Tí o bá délé lálẹ́, fóònù nìkan lojú rẹ tún lágbára àtiwò.

N kò bá ọ wí nítorí èyí. Ẹni tó ti rẹ̀ yóò wá ohun tí kò ní béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ń dùn mí, n kò sì fẹ́ gbé e mì: ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀dọ́ ni kò kàwé mọ́, àfi èyí tí síláàbọ́ọ̀sì bá yàn fún yín. Ọjọ́ tí WAEC bá yọ ìwé kan kúrò, ọjọ́ náà ni òun àti ẹ̀yin pínyà. Lọ́dún 2025, JAMB ní kí àwọn ọmọ tó fẹ́ wọ yunifásítì ka The Lekki Headmaster tí Kabir Alabi Garba kọ. Ìtàn ọ̀gá ilé ìwé kan ni, ẹni tó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ tí ọ̀rọ̀ jápa sì ń fà á lẹ́wù. Ta ni ìtàn yẹn ìbá tún kàn ju ẹ̀yin lọ? Síbẹ̀, kókó ìtàn tí wọ́n ń pín kiri lórí fóònù ni mo rí lọ́wọ́ àwọn ọmọ, mo sì rí i lọ́wọ́ olùkọ́ wọn pẹ̀lú.

Bẹ́ẹ̀, ọwọ́ olùkọ́ ni ọ̀pọ̀ ìwé tí a fi ń yangàn ti jáde. Ní Ọ̀yọ́ ni D. O. Fágúnwà ti ń kọ́ ọmọ, ní ilé ẹ̀kọ́ Andrew Mímọ́, nígbà tí ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìjọba kéde ìdíje ìwé kíkọ lọ́dún 1936. Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ló gbé sílẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1938. J. F. Ọdúnjọ tó kọ Aláwìíyé, olùkọ́ ni. Oládẹ̀jọ Òkédìjí, olùkọ́ ni. Àwọn náà pe rẹ́jísítà, àwọn náà rí ìjà ọmọ ilé ìwé là. Ẹni tó ń fi ojúmọmọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ló tún ráyè kó iwin àti ọdẹ jọ sínú igbó kan, tí àwa kò tíì jáde níbẹ̀ títí di òní.

Tí o bá bi mí pé èwo ni kí o kọ́kọ́ mú, n kò ní sọ pé Fágúnwà. Èdè rẹ̀ fẹ́ ẹni tó ti sinmi. Mú Àjà Ló Lẹrù tí Òkédìjí kọ ní 1969. Làpàdé, ọlọ́pàá tẹ́lẹ̀ rí, ni yóò mú ọ lọ́wọ́, o kò sì ní mọ ìgbà tí ilẹ̀ máa ṣú. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, ìwé yẹn ni mo máa ń kà sókè fún àwọn ọmọ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó kẹ́yìn lọ́jọ́ Ẹtì. N kì í ní kí wọ́n mú bírò. N kì í bi wọ́n ní ìbéèrè kankan. Ọmọkùnrin kan wà lẹ́yìn pátápátá, létí fèrèsé, tó jẹ́ pé orí tábìlì lorí rẹ̀ máa ń wà láti ìgbà tí mo bá ti wọlé. Lọ́jọ́ Ẹtì kan, ibi tí ọ̀ràn ti gbóná gan-an ni agogo lù lé mi lórí, mo bá pa ìwé dé. Ọmọ yìí sáré tọ̀ mí dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, okùn bàtà rẹ̀ kan já, ó ń wọ́ ọ nílẹ̀. Ó ní, “Sà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ọwọ́ á tẹ̀ wọ́n?” Mo ní kó dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kò dúró. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ Ajé, ó ti yá ìwé náà lọ́wọ́ bàbá kan ládùúgbò wọn, ó sì ti kà á kọjá ibi tí mo dé.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti dì í mú pé ìbéèrè wa ló ń lé ọmọ sá fún ìwé. Ìpínrọ̀ mẹ́ta, ìbéèrè márùn-ún. Ìpínrọ̀ mẹ́rin, ìbéèrè mẹ́wàá. Àkàyé ní àyè tirẹ̀, ọmọ tó máa ṣe ìdánwò gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé gbogbo ìgbà tí ọmọ bá fojú kan ìwé la ó máa gbọ́ ẹnu rẹ̀ wò, bí ẹni tí a ń ka òkèlè mọ́ lọ́wọ́ ni. Oúnjẹ yẹn kò lè dùn lẹ́nu rẹ̀. Olùkọ́ tí kò kàwé fún ara rẹ̀ kò sì lè rí èyí, torí òun náà ti gbàgbé bó ṣe máa ń rí.

Tí mo bá yà sí sítáàfù-rúùmù yín, mo máa ń gbọ́ tí ẹ ń sọ̀rọ̀ ọlidé ìgbà èwe yín. Oṣù kẹjọ, òjò dáwọ́ dúró díẹ̀, wọ́n kó yín lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà. Àgbàdo wà lórí iná, àwùsá wà nínú ìkòkò, ọwọ́ yín dúdú fún èédú. Ilẹ̀ ṣú, àlọ́ bẹ̀rẹ̀. Ojú yín máa ń tàn tí ẹ bá dé ibẹ̀, inú èmi náà sì máa ń dùn. Kí ló mú kí àlọ́ yẹn dùn tó bẹ́ẹ̀? Ìyá àgbà kò ṣe ìdánwò Ìjàpá fún ẹnikẹ́ni. Ó pa á tán, ẹ gbé e sùn.

Nítorí náà, má fi àárò yẹn ṣòfò lórí pé ayé ti bàjẹ́. Wo ohun tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá fi ti ẹ̀ ṣe. Ó kọ ọ́ sínú Ogún Ọmọdé, tó jáde ní 1990, ìtàn àwọn ọmọ abúlé lẹ́bàá Ìbàdàn, oko wọn, eré wọn àti ilé ìwé wọn. Òun yìí kan náà ló túmọ̀ Aké sí Yorùbá, ìwé tí Wọlé Ṣóyínká kọ ní 1981 nípa ìgbà tí òun jẹ́ ọmọ olùkọ́ àgbà l'Ábẹ́òkúta. Ka méjèèjì papọ̀. Kódà bó jẹ́ Físíìsì lò ń kọ́, kà wọ́n.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ni kò ní ọlidé rárá. Ilé ìwé aládàáni ní kí ẹ wá kọ́ sọ́mà lẹ́sìn, ẹ kò sì lè kọ̀, torí níbòmíràn owó oṣù kẹjọ kì í pé, níbòmíràn kì í tilẹ̀ wọlé. Ìwà yẹn kò dára, n kò sì ní bò ó mọ́lẹ̀. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n kí ìwọ àti ẹgbẹ́ rẹ mẹ́ta dá owó jọ, kí kálukú ra ìwé kan lọ́wọ́ àwọn tó ń to ògbólógbòó ìwé sẹ́bàá títì, kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ láàrin ara yín. Fún un ní ìdajì wákàtí kí ará ilé tó jí. Fi fóònù sí yàrá kejì.

Tí ẹ bá wá wọlé lóṣù kẹsàn-án, mo mọ àròkọ tí ọwọ́ rẹ máa fẹ́ kọ sójú pátákó: “Bí Mo Ṣe Lo Ọlidé Mi”. Dúró ná. Gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, jókòó sórí tábìlì rẹ, kí o kọ́kọ́ sọ tìẹ fún wọn: ìwé tí o kà, ibi tó ti pa ọ́ lẹ́rìn-ín, ibi tí o ti bínú sí ẹni tó kọ ọ́. Tí ọ̀kan nínú wọn bá nawọ́ pé òun fẹ́ yá a, má kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láti bi í ní ìbéèrè. Gbé e fún un.