Igi Kúkúrú Orí Àpáta

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ igi, ìrókò àti àràbà ni ọkàn wa máa ń lọ sí. Ẹ jẹ́ kí a wo igi kan tí kì í sábà ga ju gígùn ìka ọwọ́ lọ. Dryas octopetala ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Orí àpáta àwọn òkè tútù ni ó ń gbé. Àwọn ará Iceland tilẹ̀ yàn án ní òdòdó orílẹ̀-èdè wọn ní ọdún 2004.

Èéṣe tí kò fi ga? Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ le, òtútù a sì máa pa ohun tí ó bá nàró. Nítorí náà ni ó ṣe tẹ́ sílẹ̀ bí ẹní, tí ó dì mọ́ àpáta. Òdòdó rẹ̀, tí ó sábà máa ń ní ewé funfun mẹ́jọ, rí bí àwo; a máa yí tẹ̀ lé oòrùn, a sì máa kó ooru jọ sí àárín. Àwọn kòkòrò a máa wá yá oòrùn níbẹ̀, bí àwa ti ń yáná nígbà ọyẹ́.

Ewé rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ rí nínú amọ̀ àtijọ́ ní Denmark. Láti ara wọn ni wọ́n fi mọ̀ pé, nígbà tí ooru ti ń padà bọ̀, òtútù ńlá tún gorí ilẹ̀ náà. Ó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 12,900 sẹ́yìn, ó sì lé ní 1,000 ọdún kí ó tó kásẹ̀. Orúkọ igi kékeré yìí ni wọ́n fi pe àkókò náà: Younger Dryas.