Ìmọ̀ràn Ìlera: Kí Wọ́n Tó Rẹ́ Eyín Yín Nítorí Fíníà

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí lẹ́tà lórí fíníà ti ń ya wọlé. Èèpo tẹ́ẹ́rẹ́ ni fíníà, wọ́n ń fi bo iwájú eyín kí àwọ̀ tàbí ìrísí rẹ̀ lè dára sí i. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀: ti tánganran, tí wọ́n máa ń ṣe níta kí wọ́n tó gbé e wá lẹ̀, àti ti kọ̀ǹpósíìtì, tí dókítà eyín ń mọ sára eyín lójú ẹsẹ̀ bí amọ̀kòkò ṣe ń mọ amọ̀. Ti kọ̀ǹpósíìtì ni ọ̀pọ̀ yín ń béèrè, nítorí owó rẹ̀ kéré sí ti èkejì. Lẹ́tà mẹ́rin ni mo mú.

*“Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ẹni ọdún 34 ni mí, ańkárá ni mò ń tà ní Ọ̀yìngbò. Láti ìgbà tí eyín àgbà ti yọ lẹ́nu mi ló ti ní àwọ̀ eérú, ó sì ní ilà. Mo ti fi èédú fọ̀ ọ́, mo ti fi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, pàbó ló já sí. Etí ìborùn ni mo fi ń bo ẹnu tí mo bá fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ọjà Ọ̀yìngbò lè má mọ̀ pé ẹnì kan ò wá, ṣùgbọ́n oníbàárà mọ ẹni tí kì í rẹ́rìn-ín. Aṣerunlóge kan ní òun máa bá mi lẹ fíníà mẹ́wàá láàárín wákàtí méjì. Ṣé kí n ṣe é?”*

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé kí ẹ tó jókòó sórí àga rẹ̀. Ẹ má ṣe é níbẹ̀. N kò sọ pé kí ẹ má ṣe é rárá o.

Ẹ kọ́kọ́ ju èédú àti ọsàn wẹ́wẹ́ nù. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ ń jẹ èèpo líle tó bo eyín, èédú sì ń ha á. Èèpo yẹn kì í hù padà. Ara eyín tó pupa rúsúrúsú ló wà lábẹ́ rẹ̀, nítorí náà bí èèpo bá ṣe ń fẹ́lẹ́ sí i ni eyín á máa pọ́n sí i. Ohun tí ẹ fi ń wá funfun gan-an ló ń lé e lọ.

Àwọ̀ eérú onílà tó bá eyín yọ kì í ṣe ìdọ̀tí. Mo fura sí tẹtirasáíkílìnì, kápúsù pupa àti yẹ́lò tí àwọn òbí wa máa ń rà ní kẹ́míìsì, tí wọ́n ń lò fún ikọ́, fún inú rírun, àní fún ojú egbò. Bí aláboyún tí oyún rẹ̀ ti kọjá oṣù mẹ́rin bá lò ó, tàbí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8, oògùn náà á lẹ̀ mọ́ kálísíọ́mù inú eyín tó ṣì ń dàgbà nínú erìgì, ibẹ̀ ni yóò sì wà. Kò sí ọṣẹ ìfọyín tó lè dé ibẹ̀. Ẹ bi ìyá yín léèrè tí wọ́n bá wà láyé. Kì í ṣe láti bá wọn wí, kí dókítà lè mọ ohun tó fẹ́ tọ́jú ni. Ẹ̀yin abiyamọ tó ń ka èyí, mo bẹ̀ yín, ẹ má fún ọmọdé ní kápúsù yẹn láìjẹ́ pé dókítà ló kọ ọ́.

Ó wá ku fíníà. Ẹ ti rí àwọn tí ń kun ọkọ̀ rí. Wọn kì í ṣàdédé da ọ̀dà lé irin. Wọ́n á kọ́kọ́ fi sáńpépà ha á kí ọ̀dà lè rí ibi dì mú. Michael Buonocore, oníṣègùn eyín kan ní Rochester ní Amẹ́ríkà, mọ̀ pé àwọn ilé iṣẹ́ ń fi ásíìdì pa irin kí ọ̀dà lè lẹ̀ dáadáa. Ó dán an wò lára eyín, ó sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1955. Orí iṣẹ́ yẹn ni fíníà òde òní dúró lé. Dókítà á fọ eyín, á yan àwọ̀ kí eyín tó gbẹ (eyín tó bá gbẹ máa ń funfun ju bó ṣe rí gan-an lọ), á fi ásíìdì pa á fún bí ìṣẹ́jú àáyá 15 sí 30, á ṣàn án kúrò, á fi oje tó ń lẹ nǹkan pa á. Lẹ́yìn náà ni yóò máa fi kọ̀ǹpósíìtì lé e ní ìpele ìpele, tí yóò máa tan iná búlúù sí ìpele kọ̀ọ̀kan kó lè le, kó tó wá dán an. Lọ́pọ̀ ìgbà kì í gba abẹ́rẹ́, ó sì lè parí lọ́jọ́ kan.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa rèé. Iyì kọ̀ǹpósíìtì ni pé ó lè má gba rírẹ́ eyín rárá. Bí ẹ kò bá fẹ́ ẹ mọ́ lọ́dún mẹ́ta sí i, dókítà lè ha á kúrò, ẹ ó sì bá eyín yín lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n eyín tí wọ́n bá ti rẹ́ kò ṣeé fi sílẹ̀ láìbò mọ́. Kọ̀ǹpósíìtì sábà máa ń lo ọdún 5 sí 7 kó tó fẹ́ àtúnṣe, tánganran a máa tó ọdún 10 sí 15. Ẹni ọdún 34 tó bá rẹ́ eyín mẹ́wàá lónìí yóò pààrọ̀ wọn lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta kó tó darúgbó, yóò sì máa sanwó ní gbogbo ìgbà náà. Nítorí èyí, ìbéèrè tí ẹ máa kọ́kọ́ bi dókítà eyín ni pé: “Ṣé ẹ máa rẹ́ eyín mi? Báwo ló ṣe máa pọ̀ tó?” Bí ìdáhùn rẹ̀ kò bá yé yín, ẹ dìde.

Àwọ̀ eérú tiyín lè ṣòkùnkùn débi pé yóò hàn láti abẹ́ kọ̀ǹpósíìtì tó fẹ́lẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí ẹ béèrè fún oògùn tí ń mú eyín funfun ná, èyí tí wọ́n ń fi sínú ike tẹ́ẹ́rẹ́ tó bá eyín mu, tí ẹ ó máa wọ̀ sùn. Fún àbàwọ́n tẹtirasáíkílìnì, oṣù ló máa gbà, kì í ṣe ọ̀sẹ̀, dókítà ló sì gbọ́dọ̀ máa mójú tó o. Ẹ ṣe ìyẹn ṣáájú, torí oògùn náà kì í sọ kọ̀ǹpósíìtì di funfun. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ dúró bí ọ̀sẹ̀ méjì kí oje náà lè lẹ̀ dáadáa. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ eyín mẹ́rin péré ni yóò kù tí ẹ fẹ́ bò. Ẹ sì ní kí dókítà kọ́kọ́ gbé kọ̀ǹpósíìtì lé e láìfi ásíìdì àti oje sí i, kí ẹ fi dígí wo ara yín. Bí kò bá wù yín, ṣíṣí ni yóò ṣí i.

*“Mo ṣubú níbi tí mo ti ń sáré lé bọ́ọ̀sì. Eyín iwájú mi kan ṣẹ́ létí. Ó ti lé ní oṣù márùn-ún. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Yábàá.”*

Àbúrò mi, tìrẹ ni iṣẹ́ tí kọ̀ǹpósíìtì mọ̀ jù lọ. Ibi tó ṣẹ́ nìkan ni wọ́n máa mọ padà. Àmọ́ wo eyín náà nínú dígí lójú ọ̀sán. Bí ó bá ti ń dúdú ju èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ, ẹ̀mí inú rẹ̀ lè ti kú, wọ́n ní láti fi X-ray ya fọ́tò rẹ̀ kí wọ́n sì tọ́jú gbòǹgbò rẹ̀ ṣáájú. Tí ó bá tún ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rẹ́ rẹ, kí ó ṣa èyí tó ṣẹ́, kí ó fi sínú omi tàbí wàrà, kí ó sì gbé e lọ lọ́jọ́ náà. Wọ́n lè lẹ̀ ẹ́ padà. Má fi eyín tí wọ́n tún ṣe ṣí ìgò, má fi já okùn. Obì, tíì àti sìgá á sọ kọ̀ǹpósíìtì di aláwọ̀ ilẹ̀. Bí o bá ń pa eyín keke lójú oorun, sọ fún dókítà, torí yóò fọ́ ọ.

*“Ọmọbìnrin mi ọdún 17 fẹ́ kí wọ́n dí èjí òun. Ó ní wọ́n ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ nílé ìwé.”*

Ìyá wa, kọ̀ǹpósíìtì lè dí èjí láìrẹ́ eyín. Wọ́n á fẹ eyín méjèèjì láti ẹ̀gbẹ́. Bí àlàfo náà bá fẹ̀ jù, eyín méjèèjì á gbórín bíi pátákó, wáyà tí ń fa eyín pọ̀ ló dára jù nígbà náà. Nígbà mìíràn, iṣan tó so ètè òkè mọ́ erìgì ló fà á.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọkàn mi. Funfun ni iyì eyín, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Wọn kò sọ pé dídí ni iyì rẹ̀. Ẹwà ni èjí nílẹ̀ Yorùbá. Àwọn tí wọn kò bí i mọ́ a máa ní kí wọ́n bá àwọn rẹ́ eyín kí àwọn lè ní in. Ẹ jókòó ti ọmọ náà, ẹ sọ èyí fún un, kí ẹ sì ní kó dúró di ọmọ ogún ọdún. Bí ó bá ṣì wù ú nígbà náà, ẹ tẹ̀ lé e lọ.

*“Lóṣù tó kọjá, wọ́n lẹ fíníà mẹ́jọ mọ́ mi lẹ́nu ní ilé ìṣaralóge kan. Ó wuyì lọ́jọ́ náà. Báyìí, erìgì mi ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹnu mi sì ń rùn. Ẹni tó ṣe é ní kí n padà wá.”*

Ẹ má padà síbẹ̀. Ẹ má sì fi abẹ bẹ́ fíníà náà kúrò fúnra yín. Ó jọ pé wọ́n ti lẹ eyín pọ̀ mọ́ra, wọ́n sì ti fíníà wọnú erìgì, oúnjẹ ń há síbẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì kò sì lè dé ibẹ̀. Bí dókítà bá yọ ọ́ tí ó sì fọ eyín mọ́, erìgì sábà máa ń san. Bí ẹ bá fi sílẹ̀, yóò jẹ eegun tó di eyín mú, eegun yẹn kì í sì í hù padà.

Ibi tí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ kọ̀wé lè lọ ní Èkó rèé: Federal Medical Centre tó wà ní Ebute Metta, nínú ọgbà Réluwéè, kò jìnnà sí Ọ̀yìngbò. LUTH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Èkó, wà ní Ìdí-Àràbà. Bí ẹ bá fẹ́ lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni, ẹ béèrè bóyá orúkọ dókítà náà wà lọ́dọ̀ Medical and Dental Council of Nigeria, kí ẹ sì ní kó fi ìwé àṣẹ ti ọdún yìí hàn yín. Dókítà gidi kì í bínú sí ìbéèrè yẹn. Kí ẹ tó débẹ̀, ẹ máa fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ oníyọ̀ yọ ẹnu. Bí ojú bá ń wú tàbí ara yín bá ń gbóná, ẹ má dúró dọ̀la. Ẹ lọ lónìí.