Ṣé ká gba fóònù lọ́wọ́ Tóbi?

Olùdámọ̀ràn wa, Tóbi, ọmọ mi ọkùnrin, pé ọdún 11. Tó bá ti ilé ìwé dé báyìí, géèmù ló kàn. Bàbá rẹ̀ ní àwọn máa fọ́ fóònù náà, pé ó ń ba ọmọ jẹ́. Àbúrò mi ní rárá, pé géèmù ń jẹ́ kí ọpọlọ ọmọ jí pépé. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Ìyá Tóbi, Ìbàdàn

Ìyá Tóbi, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ bá mi bẹ Bàbá Tóbi, kí wọ́n má fọ́ fóònù. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ àbúrò yín, àmọ́ ohun tí géèmù kan bá ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ ló ń kọ́ ọ.

Lọ́dún 2003, Shawn Green àti Daphne Bavelier ní Yunifásítì Rochester, ní Amẹ́ríkà, kó àwọn tí kì í gbá géèmù ogun jọ. Fún ọjọ́ 10, wákàtí kan lójúmọ́, àwọn kan gbá Medal of Honor, géèmù ogun. Àwọn yòókù gbá Tetris. Ojú àwọn ti géèmù ogun wá ń yára rí ohun tó bá kọjá fìrí ju ti àwọn yòókù lọ. Igun gbogbo ni ọ̀tá ti lè yọ sí wọn, ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo ló ń já bọ́ lẹ́ẹ̀kan nínú Tetris.

Ìwádìí mìíràn lọ́dún 2007 rí i pé àwọn dókítà oníṣẹ́ abẹ tó ti ń gbá géèmù ju wákàtí 3 lọ lọ́sẹ̀ rí kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣàṣìṣe nínú ìdánrawò iṣẹ́ abẹ oníkámẹ́rà. Ìyẹn nìkan kò tó láti sọ pé géèmù ló fà á, ṣùgbọ́n iṣẹ́ méjèèjì jọra: ojú ń wo ẹ̀rọ, ọwọ́ ń ṣiṣẹ́ níbòmíràn.

Nítorí náà, géèmù eré sísá kò ní kọ́ Tóbi ní ìṣirò, n kò sì ní kẹ́ ẹ fún un ní géèmù ogun. Minecraft, níbi tó ti máa ro bí yóò ṣe kọ́lé kó tó gbé búlọ́ọ̀kù léra, bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu. Kó ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá tán ná. Wákàtí kan tó. Kí fóònù má bá a wọ yàrá lálẹ́. Tó bá ń fi oúnjẹ, oorun àti ìwé sílẹ̀ nítorí géèmù, tí kò sì lè dáwọ́ dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù, ẹ mú un lọ rí dókítà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ka irú àṣejù géèmù bẹ́ẹ̀ mọ́ àìsàn.

Lọ́jọ́ Sátidé, kí Bàbá Tóbi jókòó tì í, kí wọ́n ní kó kọ́ àwọn náà. Kí wọ́n máa bi í pé, "Kí ló dé tó o fi gba ibí?" Ọmọ tó bá ń ṣàlàyé ìdí tó fi ṣe nǹkan ń kọ́ bí a ṣe ń ronú, ìyẹn sì wúlò fún un nínú kíláàsì. Lẹ́yìn náà, kí ẹ̀yin méjèèjì fẹnu kò sí iye wákàtí rẹ̀.